Pólándì: tí àwòrán ìwé àtijọ́ bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò tún jókòó tẹ̀ ẹ́ jáde?

Àdìó_Poznań kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí láì dá sí i. Lónìí ọ̀rọ̀ kún inú mi, mo ní kí n wá dà á síbí.

Ìtàn ni mò ń kà ní Poznań, ní Pólándì. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ọwọ́ àwọn akọ̀wé kóòtù ọ̀rúndún kẹẹ̀dógún. Ohun tí mo fẹ́ fi gboyè ni kí n mú apá kan nínú ìwé kóòtù kan, kí n dà á kọ láti òkè dé ilẹ̀, kí n ṣàlàyé orúkọ ènìyàn àti orúkọ abúlé tó wà nínú rẹ̀, kí n sì ṣe é lọ́nà tí ẹlòmíì á fi lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí mo lọ bá pé kó bá mi bójú tó iṣẹ́ náà kàn wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwòrán ojú ewé yẹn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò kà á. Lọ kọ ìwé tìrẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, àmọ́ èsì tí mo fẹ́ fọ̀ kò wá sí mi lẹ́nu. Ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ń fi owó ara wọn tẹ ìwé àfọwọ́kọ jáde nígbà tí wọn kò ní ìjọba. Ṣé iṣẹ́ náà ti wá parí ni?

Láńre_Èkó kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún àwa tí a kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà nínú kí èèyàn ya àwòrán ìwé àti kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde? Ṣebí ìwé kan náà ni.

Àṣàkẹ́_Látìnì kọ:

Láńre, ẹyọ gbólóhùn kan ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn.

Ilé àwọn mọ́ńkì kan wà ní Henryków, ní agbègbè Silesia. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá wọ́n ń kọ ìwé kan ní èdè Látìnì, tí wọ́n fi ṣàlàyé bí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe di tiwọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá já a gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀la. Nígbà tí wọ́n dé orí abúlé kan, wọ́n mẹ́nu ba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Boguchwał, ará Czech, tí ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ọlọ lọ ọkà. Àánú obìnrin náà ṣe ọkọ rẹ̀, ó wá sọ fún un pé: “Day, ut ia pobrusa, a ti poziwai.” Ní èdè tiwa: gbé e wá kí n lọ̀ ọ́, kí ìwọ sinmi. Akọ̀wé náà dá Látìnì dúró, ó kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1270 nìyẹn, gbólóhùn yìí sì ni àwọn ará Pólándì kà sí àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ ní èdè wọn. (Ẹ̀yin ọkọ tó wà lórí ojú-òpó yìí, ọkùnrin tó ń gba ọlọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o.)

Wàyí o, wo àwòrán ojú ewé yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní sọ fún ọ pé “ut” tó wà láàárín gbólóhùn náà Látìnì ni, ó kàn ṣìnà wọ ibẹ̀ ni. Kò ní sọ fún ọ pé “a” tó wà ní ìparí “pobrusa” ohùn imú ni, irú èyí tí àwa ń fi “n” kọ. Kò sì ní sọ fún ọ pé awuyewuye wà lórí “s” yẹn, nítorí pé lẹ́tà Látìnì ni akọ̀wé ní lọ́wọ́, ohùn tí Látìnì kò ní ló fẹ́ fi kọ. Stenzel tẹ ìwé náà jáde ní Breslau ní 1854, ìyẹn Wrocław òde òní. Roman Grodecki tún ṣe é ní 1949. Ohun tí àwọn olótùú yẹn fi kún un ni ìyàtọ̀ tí ò ń bi mí.

Láńre_Èkó kọ:

Ó yé mi. Mo tún fi í han ìyàwó mi, mo kábàámọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Àkàndé kọ:

Àdìó, ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ilé àkójọ ìwé ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí kò lè kọjá lójú mi kí n dákẹ́.

Kí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ má bínú, iṣẹ́ tó ń fi rẹ́rìn-ín yẹn ló gbé òun náà dé orí àga tó jókòó sí. Ní 1732, Stanisław Konarski, àlùfáà ìjọ Piarist, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo òfin tí ìgbìmọ̀ aṣòfin Pólándì ti ṣe jáde ní ìdìpọ̀ ní ìdìpọ̀. Volumina Legum ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe torí ìtàn ló fi ṣe é o. Adájọ́ àti aṣòfin ló nílò rẹ̀, kí wọ́n lè mọ òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Àmọ́ nígbà tó máa fi di 1795, Rọ́ṣíà, Pírọ́ṣíà àti Ọ́síríà ti pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn tán, Pólándì kò sí lórí máàpù mọ́. Ìwé òfin di ìwé ìtàn ní ọ̀sán gangan. Ìdìpọ̀ kẹwàá, tí òfin ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Grodno ní 1793 wà nínú rẹ̀, ní 1952 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ní Poznań tí o wà yẹn náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 1732 dé 1952, ọdún 220.

Láàárín 1795 sí 1918, ta ni yóò ṣe é? Ìjọba tó gba ilẹ̀ yín kò ní bá yín tọ́jú ẹ̀rí pé ẹ ti jọba rí. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ní ilé ńlá àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò ní kọ́bọ̀ ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Edward Raczyński tẹ àwọn ìwé àṣẹ ilẹ̀ Wielkopolska, ìyẹn agbègbè Poznań, jáde ní 1840. Tytus Działyński bẹ̀rẹ̀ Acta Tomiciana ní Kórnik ní 1852, ìyẹn lẹ́tà àti ìwé ìjọba tí Stanisław Górski ti kó jọ láti ọ́fíìsì Piotr Tomicki, igbákejì alákòóso ìwé ọba, tó kú ní 1535. Ìdìpọ̀ kejìdínlógún rẹ̀ jáde ní 1999. Nígbà tó fi máa jáde, wọ́n ṣì wà lórí ìwé ọdún 1536. Ẹ̀yin ọmọ ayé kíákíá, ẹ gbọ́?

Ní Lwów, lábẹ́ Ọ́síríà, August Bielowski gbé ìdìpọ̀ kìíní Monumenta Poloniae Historica jáde ní 1864. Àwọn ará Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀ fún ìtàn tiwọn, ó sì ń wò wọ́n. Ẹ rántí pé ní ọdún yẹn gan-an ni Rọ́ṣíà ń pa ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ará Pólándì run lápá ibòmíràn. Ìdìpọ̀ kejì jáde ní 1872, Bielowski kú ní 1876, Akádẹ́mì tó wà ní Kraków ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìdìpọ̀ kìíní yẹn ni ìtàn àwọn ọba tí wọ́n ń pè ní ti Gallus wà, iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá. A kò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. A kò ní èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹ̀dà mẹ́ta ló kù, èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Olótùú gbọ́dọ̀ tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó máa wò ó ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan èyí tí akọ̀wé ṣì kọ àti èyí tó tọ̀nà. Karol Maleczyński tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní 1952. Kámẹ́rà wo ló lè ṣe ìyẹn?

Ṣẹ́gun_Kóòdù kọ:

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ mi ò ní gbà fún yín tán. Ẹ̀dà mẹ́ta, ọdún 147 lórí Acta Tomiciana, olótùú kan ń kú, òmíràn ń gbà á... ìyẹn gan-an ni ìṣòro náà! Lónìí, Transkribus wà, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé ọwọ́. Ẹ ó fi bí ọgọ́rùn-ún ojú ewé kọ́ ẹ̀rọ ní ìwé ọwọ́ akọ̀wé kan, yóò sì ka èyí tó kù fúnra rẹ̀ kí ẹ tó jẹun tán. Àwọn ilé àkójọ ìjọba Pólándì ti gbé àìmọye mílíọ̀nù àwòrán sórí ìkànnì Szukaj w Archiwach, ilé ìkàwé àpapọ̀ wọn sì ní ìkànnì tirẹ̀, Polona. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá ń wá orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó rí i. Kí ni ẹ tún fẹ́ fi ìdìpọ̀ kejìdínlógún ṣe?

Àdìó_Poznań kọ:

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, mo ti dán an wò. Mo fún ẹ̀rọ ní ojú ewé méjì nínú ìwé kóòtù mi.

Ohun tó ṣe jọ mí lójú, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé ọwọ́ yẹn. Nínú rẹ̀, “i” jẹ́ igi kékeré kan. “n” jẹ́ igi méjì. “u” náà igi méjì. “m” jẹ́ mẹ́ta. Akọ̀wé kì í sì í fi àmì sórí “i” nígbà gbogbo. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ bíi “nimium”, ọgbà onígi lásán lò ń wò. Ẹni tó mọ Látìnì á ka igi, á wo gbólóhùn, á sì mọ ibi tí yóò ti gé e. Ẹ̀rọ náà gé e síbi tó wù ú. Wọ́n tún máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n á fa ìlà sórí rẹ̀ kí o mọ̀ pé lẹ́tà kan ti fò. Ẹ̀rọ ka orúkọ abúlé kan bí ẹni pé orúkọ obìnrin ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò ṣiyè méjì. Èmi, tí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé mi, mo máa ń fi àmì ìbéèrè sí i. Ẹ̀rọ kọ tirẹ̀ geere.

Ṣẹ́gun_Kóòdù kọ:

Ìyẹn yóò sàn. Lọ́dọọdún ló ń sàn. Àmọ́ mo gbọ́ ti àmì ìbéèrè yẹn.

Mọ́remí_Leeds kọ:

Mo ń ka ìjíròrò yín bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ iná.

Ilé ìkàwé àwọn Załuski ṣí ní Warsaw ní 1747, ó sì kó nǹkan bí 400,000 ohun èlò jọ. Nígbà tí ìjọba ṣubú, Rọ́ṣíà kó gbogbo rẹ̀ lọ sí St. Petersburg. Lẹ́yìn àdéhùn Riga tí Pólándì bá Rọ́ṣíà ṣe ní 1921, wọ́n dá apá kan padà. Ayọ̀ dé. Ní oṣù kẹwàá 1944, lẹ́yìn tí ìdìde Warsaw, ìjà tí àwọn ará ìlú náà gbé ko Jámánì, ti parí, àwọn ọmọ ogun Jámánì dáná sun ilé Krasiński ní òpópónà Okólnik, níbi tí wọ́n kó àwọn ìwé àfọwọ́kọ sí. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn ni AGAD, ilé àkójọ ìwé àtijọ́ tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, ti jó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀ ló di eérú, ìwé kóòtù ọ̀pọ̀ agbègbè sì bá a lọ.

Adolf Pawiński, òpìtàn, ti ní kí wọ́n da ìwé àpérò àwọn ọlọ́lá agbègbè kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ẹ̀dà náà wà ní Kraków, iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀mọ̀wé tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí, àwọn ẹ̀dà yẹn ló máa ń sá lọ bá nígbà tí ojúlówó ti jóná. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Kò sì sí ẹni tó lè padà lọ wò ó bóyá akọ̀wé Pawiński fo ìlà kan.

Nítorí náà, Àdìó, tí wọ́n bá ní àwòrán ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bi wọ́n pé ìkànnì ta ni, ta ló ń san owó rẹ̀, títí di ọdún wo.

Ẹ̀gbọ́n_Àkàndé kọ:

Mọ́remí, o ṣeun. Kí n fi ọ̀kan tó yè kún un. Ní 1890, Aleksander Brückner ń tú ìwé wò ní St. Petersburg, ó rí awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ 18 tí ẹni tó dì ìwé kan ti gé láti fi mú ẹ̀yìn rẹ̀ le. Èdè Pólándì àtijọ́ ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ìwàásù ni: Kazania świętokrzyskie, ọ̀kan nínú ohun tó dàgbà jù ní èdè yẹn. Ó to awọ náà jọ bí ẹni to ìkòkò fífọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Awọ náà padà sí Warsaw ní 1925, ogun gbé e dé Kánádà, ó padà wálé ní 1959. Ní 2009 wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ jáde lákọ̀tun. Awọ 18, ọdún 119, wọn kò tíì kà á tán.

Bísí_Peckham kọ:

Ogun tí ẹ dárúkọ yẹn, ẹ kò mẹ́nu ba ọmọ wa tó wà níbẹ̀.

August Agbola O’Browne. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1895. Ó dé Pólándì ní 1922, ó ń lu ìlù jáàsì nílé ìgbafẹ́ Warsaw. Ní 1949 ó kọ fọ́ọ̀mù láti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó jagun, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun wà nínú ìdìde Warsaw ti 1944, orúkọ tí wọ́n ń pe òun nínú ìjà náà sì ni “Ali”. Fọ́ọ̀mù yẹn sùn sínú àkójọ títí di 2009 tí òṣìṣẹ́ Ilé Ọnà Ìdìde Warsaw fi bá a pàdé. Wọ́n ti fi òkúta ìrántí rẹ̀ lélẹ̀ ní Warsaw ní 2019. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù níbí ló kú sí ní 1976.

Ìbéèrè mi nìyí, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Agbola, àwọn mìíràn Agboola, Browne, Brown, O’Brown. Tí wọ́n bá ní kí Àdìó tẹ fọ́ọ̀mù yẹn jáde lọ́la, kí ni yóò kọ? Agboọlá, pẹ̀lú àmì ohùn, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa pè é? Àbí ohun tí akọ̀wé Pólándì fi sílẹ̀?

Láńre_Èkó kọ:

Hà! Ọmọ Èkó? Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ dáadáa jàre, Agboọlá ni.

Ẹ̀gbọ́n_Àkàndé kọ:

Rárá o, Láńre. Ohun tó wà lórí ìwé ni kí o tẹ̀. Agboọlá tìrẹ, ìsàlẹ̀ ojú ewé ni ibùgbé rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé. Ta ló sọ fún ọ pé kì í ṣe Agbọ́lá? Ṣé o wà níbi ìsọmọlórúkọ náà ni? Tí o bá ti tún un ṣe nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, o ti pa ìbéèrè náà mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ lẹ́nu. Fọ́ọ̀mù yẹn ni ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù lórí ogun tó jà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ènìyàn kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àṣàkẹ́_Látìnì kọ:

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ yín lórí orúkọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Pólándì ti bá a jà fún ìgbà pípẹ́. Ní 1953 ni ìlànà tí Kazimierz Lepszy darí rẹ̀ jáde ní Wrocław, fún ìwé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí dé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó gba olótùú láyè láti sọ sípẹ́lì di ti òde òní, kí òpìtàn lè kà á láì fọ́ orí. Ní 1957 Adam Wolff gbé ìlànà tirẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ìwé tó ṣáájú ìyẹn, nínú ìdìpọ̀ kìíní ìwé àtìgbàdégbà Studia Źródłoznawcze. Òpìtàn àti onímọ̀ èdè kò fẹ́ ohun kan náà. Òpìtàn ní, “Ta ló jí màlúù?” Onímọ̀ èdè ní, “Báwo ló ṣe pe ‘màlúù’?” Tí o bá tún sípẹ́lì ṣe, o ti gba oúnjẹ lẹ́nu onímọ̀ èdè. Tí o bá fi í sílẹ̀, òpìtàn yóò pa ìwé náà dé.

Ibí yìí ni mo ti gbè sẹ́yìn Ṣẹ́gun díẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, kò pọn dandan kí o yan ọ̀kan. Àwọn ìbúra kóòtù Wielkopolska tí Kowalewicz àti Kuraszkiewicz tẹ̀ jáde láàárín 1959 sí 1981, wọ́n ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Poznań lábẹ́ orúkọ eROThA. Wọ́n jókòó sí i, wọ́n fi ìwé tí a tẹ̀ wé àfọwọ́kọ, wọ́n sì lẹ àmì mọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀: ibi tó jẹ́ Látìnì, ibi tó jẹ́ èdè Pólándì, ibi tí akọ̀wé ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ìwé pépà kò lè ru gbogbo ẹrù yẹn.

Mọ́remí_Leeds kọ:

Kí n fi òfófó díẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Yunifásítì Warsaw wọ́n ń tẹ lẹ́tà Ioannes Dantiscus jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Gdańsk ni, aṣojú ọba ní Sípéènì, ó wá di bíṣọ́ọ̀bù Warmia. Lẹ́tà tó kọ àti èyí tí wọ́n kọ sí i lé ní 6,000, wọ́n sì fọ́n ká ilé àkójọ orílẹ̀-èdè púpọ̀. Tí kálukú bá kàn ya àwòrán tirẹ̀, lẹ́tà yóò wà ní ìlú kan, èsì rẹ̀ ní ìlú mìíràn, kò sí ẹni tí yóò so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá sì so wọ́n pọ̀ ni yóò gbọ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń sọ fún Copernicus pé kó lé obìnrin tó ń bá a tọ́jú ilé lọ, torí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀. Anna Schilling ni obìnrin náà. Ní oṣù kejìlá 1538 Copernicus kọ lẹ́tà padà pé òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Láńre_Èkó kọ:

Copernicus tó ní ayé ló ń yí oòrùn ká? Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ̀yin lẹ ń ba orúkọ jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 500 lẹ́yìn ikú.

Ẹ̀gbọ́n_Àkàndé kọ:

Láńre ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọ̀kan tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Nínú ọgbà tí àwọn Jámánì há àwọn Júù mọ́ ní Warsaw, Emanuel Ringelblum, òpìtàn, kó àwọn kan jọ ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: owó búrẹ́dì, lẹ́tà, ìwé àṣẹ, iṣẹ́ àmúrelé ọmọ ilé ìwé, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé pípa ni wọ́n ń pa àwọn tán, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Apá kìíní wà nínú àpótí páànù 10, ní òpópónà Nowolipki, nílé kejìdínláàádọ́rin. Àwọn tó mọ ibẹ̀ tó sì yè kò pé ọwọ́ kan. Ní oṣù kẹsàn-án 1946 wọ́n wú u jáde láàárín àlàpà. Páànù kò dí dáadáa, omi ti wọ inú ìwé. Ní oṣù kejìlá 1950 wọ́n rí apá kejì nínú agolo mílíìkì ńlá méjì. Apá kẹta, wọn kò rí i títí dòní.

Nǹkan bí 35,000 ojú ewé ni. Èdè Yiddish, Pólándì, Hébérù, Jámánì. Ilé Ẹ̀kọ́ Ìtàn àwọn Júù ní Warsaw bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1997, ó sì gbà wọ́n ju ogún ọdún àti ju ọgbọ̀n ìdìpọ̀ lọ. Ẹni tó rí ojú ewé tí omi ti fọ̀, tí yíǹkì ti ṣàn mọ́ra, yóò mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ lásán kò ní sọ̀rọ̀ fún un. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí “Y.” tí wọ́n kọ yẹn ń jẹ́, kó sì mọ̀ bóyá ó yè.

Ṣẹ́gun_Kóòdù kọ:

Ẹ̀gbọ́n, lórí ìyẹn mo ṣí fìlà.

Àmọ́ ta ló ń sanwó fún un? Ìbéèrè tí mo mú wá gan-an nìyẹn. Mo ti bá àwọn kan kọ ìkànnì irú iṣẹ́ báyìí (kì í ṣe ní Pólándì). Ọdún mẹ́ta ni owó wọn. Ọdún kẹrin, kò sẹ́ni tó san owó sáfà, gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti lọ síbòmíràn.

Àdìó_Poznań kọ:

Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn, bọ̀dá. Owó ńlá tó ń gbé irú iṣẹ́ yìí ró láti nǹkan bí ọdún 2010 wá ni ti ètò ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní NPRH, fún ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn, bí ìtàn àti èdè. Owó rẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ dìde. Àmọ́ ọdún díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn, ìwé àfọwọ́kọ kò sì mọ ọjọ́ ìparí owó. Ìjọba tún máa ń fi máàkì wọn iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá tẹ ìwé kóòtù kan jáde àti ẹni tó kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún méjì lè gba máàkì kan náà. Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó, èwo ni ọ̀dọ́ yóò yàn?

Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kò sí ọ̀nà. Ilé Ẹ̀kọ́ Ìtàn ti Akádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ní ìkànnì Atlas Fontium, níbi tí wọ́n ti ń so ìwé àtijọ́ mọ́ máàpù: o tẹ abúlé kan, o rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Èrò mi ni pé kí wọ́n fi ohun tí olótùú ṣe sí ibi méjì, ìkànnì àti pépà. Fáìlì tó ní àmì lára, tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè kà, kí ilé ìkàwé ńlá pa á mọ́, kì í ṣe sáfà ọ̀rẹ́ ẹnì kan.

Mọ́remí_Leeds kọ:

Àti Látìnì ńkọ́? Ẹ lè ní owó, ẹ lè ní sáfà, tí kò bá sí ẹni tó mọ Látìnì àti ìwé ọwọ́ yẹn, asán ni. Ẹni tó ń tún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ.

Àdìó_Poznań kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Mo fi ìjíròrò yín ṣe ogun, mo lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn, obìnrin. Mi ò ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, iná yẹn àti awọ 18 ni mo mẹ́nu bà. Ó ní òun gbà, àmọ́ ogójì ojú ewé péré ni kí n ṣe, kí n tẹ̀ lé ìlànà Wolff, kí n fi àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kà á, kí n wá kọ gbogbo àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní orí kan lọ́tọ̀. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, tiyín nìyẹn.

Ojú ewé kìíní ti parí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà mí. Ọkùnrin kan ń búra níbẹ̀ lórí ẹṣin kan. Àárín Látìnì ló wà, bíi ti ọlọ Henryków yẹn, tó fi já sí èdè Pólándì: “Tako mi pomoży Bóg i święty krzyż,” kí Ọlọ́run àti àgbélébùú mímọ́ ràn mí lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ yé mi àfi orúkọ ẹlẹ́rìí kan. Mo ti ya ibẹ̀, mo fi sí ìsàlẹ̀ yìí.

Àṣàkẹ́_Látìnì kọ:

Mo rí i. Lẹ́yìn “S” yẹn, ka àwọn igi náà. Igi márùn-ún ni mo kà kí ó tó kan lẹ́tà gíga. Ìwọ ńkọ́?

Àdìó_Poznań kọ:

Márùn-ún ni èmi náà kà lánàá. Lónìí mo tún wò ó, mi ò dá ara mi lójú mọ́.

Láńre_Èkó kọ:

Mo fi ìka ṣí i tóbi lórí fóònù. Mẹ́fà ni o. Èyí tó gbẹ̀yìn fara ti lẹ́tà gíga yẹn, ẹ tún un wò.